Ihò Mẹ́ta àti Kásẹ́ẹ̀tì Kan

Kúdí ọmọ ọmọ mi, kọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tó bá ń kà á má bínú sí mi. Orí mi ti ń jò. Orúkọ èèyàn ń bọ́ lọ́wọ́ mi, ọdún ń wọ inú ara wọn, oúnjẹ tí mo jẹ lánàá mi ò lè sọ ọ́. Ẹni tí mo bá ṣì sọ, kó forí jì mí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò mi, Múráínà, ìyẹn ò tíì kúrò níbẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ kóun náà tó lọ. Mo wà lókè òkun nígbà tí àìsàn gbé e dè, mo sì ti sọ ọ̀rọ̀ kan tó pa á. Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Kọ ọ́.

Bí mo ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù, jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àna mi kan ló mú mi débẹ̀, àna ọ̀hún náà ti kú. Mo ti tó ẹni ogójì ọdún. Ìyá rẹ ṣì wà ní pípọ̀n lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ ni mí, ní abúlé wa yìí, lẹ́bàá Akanran. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni mo mọ̀. Mi ò mọ̀wé, mi ò gbọ́ èdè wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ìkíni ni. Mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí, kò dáhùn. Mo kí ẹnì kejì, ó yà fún mi lọ́nà bíi pé mo gbé nǹkan dání. Nílé, kí n tó dóko, màá ti kí èèyàn ogún, wọ́n á ti bi mí léèrè ìyàwó àti ọmọ àti orí fífọ́ àná. Ẹni tó bá kọjá lára ẹ tí kò kí ẹ nílé wa, ìjà ló ń bá ẹ jà. Mo wá rò ó pé kí ni mo ṣe fún gbogbo ìlú yìí. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, mo jáwọ́. Ẹnu mi wá ń wúwo.

Ilé ìfọṣọ ni wọ́n ti gbà mí síṣẹ́. Aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì là ń fọ̀. Ẹ̀rọ tó ga ju yàrá yìí lọ ló ń fọ̀ ọ́, àwa la máa fà á jáde ní tútù, ká gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ká tì í lọ síbi gbígbẹ. Aṣọ tó bá ti mu omi yó, àpò gàrí fúyẹ́ sí i. Ibẹ̀ ni mo wà láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́. Mi ò rí oòrùn tó dúró. Èmi tí mo ti ń sá fún oòrùn láti kékeré.

Ilé tí mò ń gbé, èèyàn méje ló wà níbẹ̀, kò sí méjì tó ń sọ èdè kan náà. Fóònù kan wà lára ògiri, níbi àtẹ̀gùn, owó ẹyọ la fi ń pè. Nílé, ọ̀gá tíṣà kan wà ní Alakia tó ní fóònù nílé rẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn ará ilé mi á wọ mọ́tò lọ síbẹ̀, wọ́n á jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, wọ́n á máa retí mi. Ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú àtijọ́, ara ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Ká tó kí ara wa tán, ó ti gé. Àwọn ará ilé mi rò pé ó ń dùn mí. Kò dùn mí. Ìkíni yẹn gan-an ni ebi rẹ̀ ń pa mí.

Tí ọ̀rọ̀ bá gùn, inú kásẹ́ẹ̀tì la máa ń sọ ọ́ sí. Àwa tí a ò mọ̀wé, bá a ṣe ń kọ lẹ́tà nìyẹn. Màá gba ohùn mi sílẹ̀ sójú kan, màá fún ẹni tó ń lọ sílé. Wọ́n á gbé e sí rẹ́díò láàárín agbo ilé, tọmọdé tàgbà á jókòó gbọ́ ọ. Wọ́n á wá sọ tiwọn sójú kejì, wọ́n á fi ránṣẹ́ padà sí mi.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ìpá. Kúdí, má tijú, kọ ọ́. Ìpá ni bàbá wa ní, ó fi sílẹ̀ fún èmi àti Múráínà bí ẹni fi oko sílẹ̀ fọ́mọ. Ẹran inú á gba abẹ́ ikùn yọ, á wú síbi itan. Ọ̀rọ̀ ìpá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta. Ọkùnrin tó bá ní in á rán ṣòkòtò tó fẹ̀, á máa rìn bí ẹni tí kò kánjú. Ìyàwó rẹ̀ ló mọ̀. Àwa méjèèjì, ara wa la mọ̀. Tá a bá ń kọ ebè, tí ti Múráínà bá yọ, á wò mí, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ti jí." Á fẹ̀yìn lélẹ̀ sáàárín ebè, á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí ebè, á máa fọwọ́ tì í padà díẹ̀díẹ̀. Èmi á dúró sí ojú ọ̀nà, màá máa kọrin sókè kí ẹnikẹ́ni má baà yọ sí wa. Bí tèmi bá jí, òun ló ń ṣọ́ mi. Ohùn rẹ̀ ò dùn rárá. Mo máa ń sọ fún un pé orin rẹ̀ ló ń lé èèyàn sá, kì í ṣe ìṣọ́ tó ń ṣọ́ mi.

Ó tó ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó máa pariwo pé ayé fẹ́ wọ ọdún ẹgbẹ̀rún méjì, ọmọ jí lára mi níbi iṣẹ́. Aṣọ tútù ni mò ń fà. Nǹkan fò jáde síbi itan mi bí ẹyin tòlótòló, ó le gbagidi. Mo wọ ilé ìyàgbẹ́, mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ lé ara ògiri. Mo tì í, kò lọ. Mo tún tì í. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kò sẹ́ni tó ń kọrin fún mi lẹ́nu ọ̀nà.

Kòfí ló bá mi níbẹ̀, ará Gáńà tí a jọ ń fa aṣọ. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó lóun mọ̀ ọ́n, pé ó ti ṣe òun rí. Mo ní kó jẹ́ kí n sinmi díẹ̀. Ó ti lọ pe mọ́tò ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì kan ni wọ́n fi tì mí níbẹ̀, ọmọ Yorùbá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tó ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá." Ó bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Ìbàdàn, lọ́nà Akanran.

Ó ní, "Èmi ọmọ Ìjàyè ni."

Mo ní, "Ẹ kú ilé."

"Ẹ má kí mi kú ilé. Ṣebí ẹ̀yin ará Ìbàdàn lẹ fogun fọ́ ilé ọ̀hún láyé àtijọ́. Ẹ wá wò ó lónìí, ọmọ Ìjàyè ló ń bọ́ ṣòkòtò lára yín."

Pẹ̀lú ìrora yẹn, mo rẹ́rìn-ín.

Dókítà dé. Ó ń sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì ń tú u fún mi. Ó ní ìfun mi kan ló gba ojú ihò yọ, ihò náà sì ti fún un lọ́rùn bí okùn ṣe ń fún ewúrẹ́ lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ ò lè dé ibẹ̀. Tó bá pẹ́, ìfun á kú sínú mi, á máa jẹrà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà. Àkọ́kọ́, wọ́n á fi ọ̀bẹ là mí níbi itan, gígùn rẹ̀ á tó ìka ọwọ́, wọ́n á tú ìfun sílẹ̀, wọ́n á rán ihò náà pa. Ìkejì, wọ́n á dá ihò kéékèèké mẹ́ta sí mi níkùn, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sínú mi, wọ́n á ki kámẹ́rà wọlé, wọ́n á máa wo inú mi nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á fa ìfun padà látinú, wọ́n á fi àwọ̀n dí ojú ibẹ̀. Ó ní ti ihò yìí ṣì tuntun, kì í ṣe gbogbo dókítà ló ń ṣe é. Òun á fi kámẹ́rà wo inú mi ná. Tí ìfun bá ti dúdú, òun á là mí, kò sí ọ̀rọ̀ ihò mọ́.

Mo ní, "Ẹ bá mi bi í, èwo ló dáa jù?"

Nọ́ọ̀sì bi í. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan.

"Ó ní èyí tá a bá tètè ṣe ni."

Kọ ìyẹn dáadáa, Kúdí.

Nọ́ọ̀sì tún ní, "Ó ní tí èèyàn bá tètè dé, méjèèjì ló ń gbà á là. Èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ là ni wọ́n ń ṣe fún èyí tó pọ̀ jù, níbí gan-an. Ti ihò, kì í dunni tó bẹ́ẹ̀, èèyàn sì máa ń tètè padà síṣẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ṣé ẹ gbà? Àbí ẹnì kan wà tí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ bi?"

Mo ní èmi ni àgbà ilé wa, kò sí ẹni tí mo ń bi. Mo tẹ̀ka.

Ìfun mi ò tíì dúdú. Nígbà tí mo jí, ihò mẹ́ta ni mo bá níkùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ojú èékánná lọ. Èjìká ló tún wá ń dùn mí. Nọ́ọ̀sì ní atẹ́gùn tí wọ́n fẹ́ sínú mi ló ń wá ọ̀nà jáde. Ọjọ́ kẹta, mo ti wà nínú yàrá mi.

Kòfí wá kí mi, ó ra búrẹ́dì wá. Ó gbé ẹ̀wù sókè, ó fi tiẹ̀ hàn mí. Ilà tó nípọn, láti itan wá sókè. Ó ní oṣù kan gbáko lòun fi rìn bí akàn. Ó wo tèmi, ó mi orí.

"Wọ́n la èmi bí iṣu. Ìwọ, wọ́n kàn gún ẹ bí eéwo. Àmọ́ wò ó, àwa méjèèjì là ń jẹ búrẹ́dì."

Òótọ́ ni. Ohun tí mo bá gbé níbi iṣẹ́, Kòfí ń gbé e.

Ìgbà tí ara mi yá, mo lọ ra ṣòkòtò jíìnsì. Èyí tó fún mọ́ra. Mi ò wọ irú ẹ̀ rí láyé mi. Mo dúró níwájú dígí, mo yípo. Ìdùnnú tí mo ní ní ìlú yẹn láàárín gbogbo ọdún tí mo lò, mo lè kà á lórí ìka, ọjọ́ yẹn wà níbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n gbé kásẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ ti kámẹ́rà, mo sọ ti tẹlifíṣọ̀n, mo sọ ti jíìnsì. Mo wá ní, "Múráínà, wọn ò la èèyàn níbí mọ́. Ìyẹn ti di ti ayé àtijọ́. Èyí tí wọ́n ń ṣe nílé, tí wọ́n ń la èèyàn bí ẹran iléyá, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún ẹ o. Mo ń wá ìwé tí mo máa fi mú ẹ wá síbí. Dúró dè mí. Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn ẹ́."

Ìwé kankan ò sí. Èmi alára, ìwé tí mo fi ń gbé ibẹ̀ ò dúró. Mi ò mọ ẹni tí màá bá sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ dókítà, mi ò fi síbẹ̀. Mo gbọ́ ọ o, mo rántí ẹ̀, mi ò kàn fi síbẹ̀ ni. Tí mo bá sọ pé méjèèjì ló ń gbani là, kí ló kù tí mo fi ju ẹni tó wà ní Akanran lọ? Ọdún kẹjọ mi nìyẹn, aṣọ aláṣọ ni mò ń fọ̀. Ihò mẹ́ta yẹn ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo ní láti fi ránṣẹ́ sílé.

Mi ò dá a padà kí n gbọ́ ọ. Mo yọ ọ́, mo fi bébà wé e, mo fún ẹni tó ń lọ.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, mo ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọkùnrin tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ dá mi dúró. Ó ní obìnrin kan pè lánàá nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, ó ń sunkún, òun ò gbọ́ èdè rẹ̀. Orúkọ kan ló ń pè ṣáá. Múráínà.

Mi ò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Mo dúró ti fóònù yẹn, mo ń pe Alakia, kò wọlé. Mo pè é títí oòrùn fi yí. Nígbà tó wọlé, Sífáwù, ìyàwó Múráínà, ló gbé e. Pálọ̀ ọ̀gá tíṣà ló ti sùn, ó ń retí mi.

"Bàbá wa, ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni. Kí ló ṣe é?"

"Ọmọ jí lóko lọ́jọ́ Àlàmísì. Kò padà sùn. Ó ń bì, ikùn ẹ̀ ti wú."

"Ẹ ti gbé e dé ọsibítù?"

"Láti àárọ̀ Jímọ̀. Dókítà fẹ́ là á lójú ẹsẹ̀, ó kọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní kóun má gbà. Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ nínú kásẹ́ẹ̀tì. Mo ní èmi fẹ́ tẹ̀ka, àwọn àgbà ilé ní ohun tí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ, ìyàwó kì í yí i, pé kí n wá gbohùn yín."

"Sífáwù, kí wọ́n là á."

"Ṣé kí n sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo sọ ọ́. Kí wọ́n là á báyìí. Tẹ̀ka, kí o máa lọ."

"Kò ní bínú sí mi, àbí?"

Ó gé.

Epo wọ́n lásìkò yẹn, mọ́tò ò tó nǹkan. Ẹsẹ̀ ni Sífáwù fi rin púpọ̀ nínú ọ̀nà yẹn kó tó rí ẹni gbé e. Ó dé ọsibítù, ó sọ̀rọ̀ mi fún un. Wọ́n ní Múráínà ní, "Ó ti tó, ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀," ó sì tẹ̀ka fúnra ẹ̀. Wọ́n là á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìfun ti dúdú. Dókítà yẹn gbìyànjú, ó gé èyí tó kú kúrò, àmọ́ ó ti ba gbogbo inú jẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdé ló kú. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí wọ́n fi kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín.

Nílé, èèyàn á ti kún ojúde wa, ọ̀rọ̀ ìtùnú ò ní jẹ́ kí n ráyè ronú. Níbẹ̀, mo sọ fún ọ̀gá mi, ó ní kí n lọ bu omi mu. Kòfí dúró tì mí, à ń fa aṣọ lọ. Ariwo ẹ̀rọ yẹn dáa. Èèyàn lè sunkún nínú ẹ̀.

Mo wá nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjàyè yẹn lọ. Mo sọ fún un. Ó kí mi kú àmúmọ́ra.

Mo ní, "Ká ní wọ́n là á lọ́jọ́ Jímọ̀ ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ má bi mí."

"Mo ti bi ọ́."

Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n á là á, á sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, á rìn bí akàn, á padà sóko."

"Láìsí kámẹ́rà?"

"Kí lẹ fẹ́ fi kámẹ́rà ṣe? Dókítà ṣáà sọ ọ́ fún yín níṣojú mi. Èmi ni mo tú u sí Yorùbá."

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ẹnì kan tó ti ilé dé gbé kásẹ́ẹ̀tì fún mi. Kásẹ́ẹ̀tì mi náà ni, bébà tí mo fi wé e ló ṣì wà lára ẹ̀. Ó ti wà lọ́wọ́ onítọ̀hún ní Èkó láti ìgbà tí ara Múráínà ṣì le, ó ń retí ọjọ́ ìrìn àjò rẹ̀. Mo fi sí rẹ́díò. Ohùn Múráínà jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú òtútù. Gbogbo ilé ló gbọ́ yín, àwọn kan ní kí n gbé e sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ṣé. Mi ò sọ fún yín tẹ́lẹ̀, dókítà kan nígboro ti dá ọjọ́ fún mi, kó lè tún un ṣe kó tó di wàhálà. Ọjọ́ ọ̀hún kọjá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò lọ. Mo lọ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dúró. Inú bí i. Ó ní òun ti la irú ẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, tí wọ́n ń rìn káàkiri. Mo ní kó máa bínú lọ, àgbà ilé wa ti sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù ṣá, ọmọ yìí ti ń jí lójoojúmọ́. Àti jíìnsì yẹn, ẹ bá mi wo ọ̀kan. Ẹsẹ̀ tèmi gùn ju tiyín lọ, ẹ má gbàgbé."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, orin tó fi ń ṣọ́ mi lóko, ohùn burúkú yẹn, títí ojú kan fi tán.

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo yí i sójú kejì. Ohùn mi ni. Ó ń dún ketekete. Wọ́n ní ẹyin lohùn. Tèmi ò fọ́, Kúdí. Inú kásẹ́ẹ̀tì ló wà, ó pé, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Mo tún lo ọdún púpọ̀ níbẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé owó ni mò ń wá. Mi ò lè wá dúró níwájú Sífáwù ni. Nígbà tí mo padà dé, ó kúnlẹ̀, ó kí mi káàbọ̀. Títí dòní, tó bá gbé oúnjẹ wá fún mi, á kúnlẹ̀. Kò dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ rí. Ì bá sàn kó bú mi. Ní Lọ́ńdọ̀nù, mò ń wá ẹni tó máa kí mi. Níbí, gbogbo ayé ló ń kí mi, Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, ẹ káàárọ̀, mi ò mọ bí mo ṣe máa dáhùn. Ibi tí mo ti jẹ́ èèyàn, láàárín ebè yẹn ni, lọ́jọ́ tí ẹnì kan ń ṣọ́ mi. Ibẹ̀ ti di igbó. Jíìnsì Múráínà wà nísàlẹ̀ àpótí yẹn, mo ra èyí tó gùn. Má tú u.

Ó tó. Ọwọ́ á ti máa dùn ẹ́.

Wá kà á sókè fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, mi ò gbọ́ ọ kó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Èyí, mo fẹ́ gbọ́ ọ. Tó o bá dé ibi tí mo ti bi dókítà pé èwo ló dáa jù, má sáré kọjá. Ka èsì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.